Ẹ Kọ́kọ́ Bi Àgbẹ̀ Léèrè



Ní 1982 ni ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Àríwá Ọ̀yọ́, tí Báńkì Àgbáyé fi owó ràn án lọ́wọ́, tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Ṣakí. Ìwàásù irú ètò bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: irúgbìn àgbàdo tuntun, ajílẹ̀, kí a sì gbin àgbàdo ní ìlà, lóun nìkan. Àgbẹ̀ tí ó gbọ́ tí kò ṣe é, wọ́n a pè é ní olórí-kunkun. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìṣirò tirẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ lè rọ̀ kí ó sì tún dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀dá oṣù kẹjọ tún wà níwájú. Bí àgbàdo bá kú, ẹ̀gẹ́ tí ó wà láàárín rẹ̀ yóò yè, ẹ̀gúsí tí ó nà bo ilẹ̀ yóò sì ti dín koríko kù. Ìgbà tí àgbàdo ń fẹ́ ríro gan-an ni iṣu náà ń fẹ́ ọwọ́. Àwọn ọmọ ti lọ sí ilé-ìwé, àáró kò pé mọ́, owó alágbàṣe sì ní láti jáde kí ọkà tó di owó. Ẹni tí ń gba owó oṣù kì í tètè rí èyí.

Kì í ṣe ti òjò nìkan ni àgbẹ̀ mọ̀. Ọ̀mọ̀wé Òyìnbó kan, Paul Richards, kọ ọ́ sínú ìwé ní 1985 pé àwọn àgbẹ̀ gúúsù Nàìjíríà mọ ibi tí tata tí ń jẹ ẹ̀gẹ́ ń yé ẹyin sí. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá wú ẹyin náà kúrò ní oko rẹ̀, tata ti oko kejì yóò fò wọlé. Ibẹ̀ ni olùkọ́ àgbẹ̀ ti wúlò: láti kó àdúgbò jọ ní ọjọ́ kan náà.

Nítorí náà, kí olùkọ́ dé kí ilẹ̀ tó ṣí, kí ó sì béèrè ìdí kí ó tó pàṣẹ. Kí ó bá àwọn ìyá wa sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, nítorí àwọn tí ń din gàrí ni wọ́n mọ iye tí ọjà ń san. Kí ó bá àgbẹ̀ ṣírò iye kóńgò tí àpò ajílẹ̀ kan yóò fi kún ìkórè. Kí ajílẹ̀ náà má sì dé lẹ́yìn tí àgbàdo ti yọmọ.

Ní ìpàdé wọ́ọ̀dù tí ń bọ̀, kí akọ̀wé kọ̀ọ̀kan mú orúkọ àgbẹ̀ mẹ́wàá wá, tí yóò yọ̀ǹda igun oko kan fún ìdánwò. Irúgbìn àti ajílẹ̀ igun náà, ọwọ́ ìjọba ni a ó ti béèrè wọn.