Ìwé Nípa Ọpọlọ àti Iyè Ènìyàn: Ta Ni À Ń Tẹ̀ Ẹ́ Fún?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará yàrá ìkàwé sọ ní Mowe, Ibafọ̀ àti Ifọ̀

Ọ̀rọ̀ ìwé ni mo bá wá: ìwé tí ń sọ bí ọpọlọ àti iyè ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́, àti ohun tí a lè ṣe nígbà tí wọn kò bá dá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òkè òkun nìkan ni irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta, tí kò jìnnà sí Ifọ̀, ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí ilé ìwòsàn, pẹ̀lú ìbátan tí yóò máa tọ́jú wọn. Ní 1961, òun àti àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà wádìí ìlera iyè láàrin àwọn ará Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé agbègbè rẹ̀. Ní 1963 ni a tẹ ìwé wọn, Psychiatric Disorder among the Yoruba, jáde ní Amẹ́ríkà.

Ìwé pàtàkì ni. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́. Àgbẹ̀ tí ó gbọ́ Yorùbá nìkan kò lè ka ohun tí a kọ nípa abúlé rẹ̀.

Èmi kò dá àwọn ọ̀mọ̀wé lẹ́bi. Oríṣi ìwé méjì ni ó wà. Ti àwọn amòye kún fún ìṣirò àti ẹ̀rí. Amòye mìíràn a yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dà rẹ̀ kì í pọ̀, owó rẹ̀ sì máa ń ga. Ti gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ rọrùn láti kà àti láti rà. Síbẹ̀, ojú amòye gbọ́dọ̀ kan òun náà, kí irọ́ má baà wọlé.

Ẹ wo àrùn warápá. Ó ti pẹ́ tí ó ti wà nínú ìwé àwọn oníṣègùn pé inú ọpọlọ ni ó ti ń wá, pé itọ́ ẹni tí ó ń ṣe kò lè kó o ran ẹlòmíràn, àti pé oògùn ń dá a dúró lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Síbẹ̀, bí ọmọ bá ṣubú sẹ́bàá iná, àwọn kan a máa sá fún un. Ẹ má ṣe sá. Ẹ fà á kúrò níbi iná tàbí omi, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má fi ṣíbí tàbí ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ìwé pélébé kan ní èdè Yorùbá tó láti kọ́ odidi abúlé ní èyí.

Nítorí náà, mo rọ àwọn ọ̀mọ̀wé wa kí wọ́n kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, àti àwọn atẹ̀wé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ̀yin náà, ẹ máa béèrè rẹ̀, nítorí ohun tí atẹ̀wé mọ̀ pé a óò rà ni ó ń tẹ̀. Bí ó bá sì dé, kí ẹni tí ó mọ̀wé kà á sókè fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà. Ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.