Ẹ̀sùn Ọlọ́pàá àti Ẹni tí Yóò Wádìí Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ fi lé mi lọ́wọ́ gbóná, ṣùgbọ́n n kò ní fi ìbínú sọ ọ́, nítorí àwọn tí ọmọ wọn jẹ́ ọlọ́pàá ń bẹ láàárín wa.

Ní ayé àwọn baba wa, akódà ni ó ń ṣiṣẹ́ fún ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀. Bí ó bá hùwà ìkà, a mọ agbo ilé tí a bí i sí. N kò wí pé ọwọ́ akódà mọ́ o: púpọ̀ nínú ọlọ́pàá ìbílẹ̀ di pàṣán lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú kí ọdún 1966 tó dé, ìjọba ológun sì pa wọ́n rẹ́ lẹ́yìn náà.

Ẹ rántí oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tú sí ìgboro nítorí ìwà SARS. Ní ọjọ́ 10, ìbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá kéde pé òun ti tú SARS ká. Ìjọba Ọ̀yọ́ yan ìgbìmọ̀ olùwádìí, Adájọ́ Badejoko Adeniji tí ó ti fẹ̀yìntì sì ni alága. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n jókòó sí: kí ni kí opó kan ní Ayétẹ̀ kọ́kọ́ wá, owó ọkọ̀ ni tàbí agbẹjọ́rò? Irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ a sì máa jíṣẹ́ tán, a tú ká. Àgọ́ ọlọ́pàá kì í tú ká.

Èyí tí ó wà títí ni Ìgbìmọ̀ Ìjọba Àpapọ̀ lórí Iṣẹ́ Ọlọ́pàá, tí òfin ọdún 2001 fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ó lè gbé ọlọ́pàá ga, ó lè bá a wí, ó lè lé e, àfi Ọ̀gá Àgbà nìkan. Àléébù rẹ̀ ni pé ọlọ́pàá ni a sábà ń fi wádìí ọlọ́pàá. Ẹ̀ka tí ń gba ẹ̀sùn, tí a dá sílẹ̀ ní 2015, inú ilé ọlọ́pàá kan náà ni ó wà. Ẹ sì mọ̀ pé ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ní Gúúsù Áfríkà, òfin ọdún 2011 fi ìwádìí lé àwọn tí kì í ṣe ọlọ́pàá lọ́wọ́. Bí ènìyàn bá kú ní àtìmọ́lé, ọ̀gá àgọ́ gbọ́dọ̀ sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀. Ìwà ipá kò tán níbẹ̀, ṣùgbọ́n òkú kò lè sọnù sínú ìwé ọlọ́pàá.

Kábíyèsí, ẹ foríjì mí, ó ku tiwa. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 kọ̀ kí a mú ìyá nítorí ọmọ. Síbẹ̀, bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ààfin ni a ń sáré wá. A bẹ̀, a san owó, ọ̀rọ̀ parí ní bòókẹ́lẹ́. Kò sí ìwé kankan tí yóò sọ pé ó ṣẹlẹ̀ rí. Bí ọ̀gá kan bá sì hu irú ìwà náà nígbà mẹ́wàá, ìgbà àkọ́kọ́ ni ojoojúmọ́. Àwọn òpùrọ́ tí ń fi ẹ̀sùn èké kan ọlọ́pàá rere náà ń jẹ nínú àìkọ̀wé yìí.

Lẹ́yìn òru tí a sun Ìgàngán ní oṣù kẹfà ọdún 2021, kò sí ẹni tí yóò sọ fún wa pé ìlú lè wà láìsí ọlọ́pàá. Nítorí náà mo bẹ̀ yín, kí ẹgbẹ́ ra ìwé ńlá kan fún ààfin kọ̀ọ̀kan ní ìlú méjèèje. Kí a kọ ọjọ́, wákàtí, orúkọ ọlọ́pàá, nọ́ńbà ọkọ̀, àwọn ẹlẹ́rìí, àti ohun tí ọlọ́pàá náà wí. Kí ẹ̀dà kan lọ sí ọ̀dọ̀ Kọmíṣọ́nnà ní Ìbàdàn, kí ọ̀kan lọ sí ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ ní Àbújá. Olùkọ́ mẹ́ta ti gbà láti máa bá wa kọ ọ́ láìgba owó.