Àgbà Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Gìtá
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù Ẹgbẹ́)

Nígbà tí Akọ̀wé wá bá wa pé kí a wá bá yín sọ̀rọ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ oyè ni a óò sọ. Ẹnu yà á nígbà tí a wí fún un pé ọ̀rọ̀ gìtá ni. Kí ẹnu má baà ya ẹ̀yin náà jù, ẹ jẹ́ kí a tètè jẹ́wọ́: ó di ọdún mẹ́ta nísinsìnyí tí a ti ń kọ́ bí a ti í ta gìtá, ẹni ọdún 61 sì ni wá nígbà tí a bẹ̀rẹ̀.

A mọ ohun tí ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú yín. Àwọn kan ń wí nínú ara wọn pé ohun àjèjì ni gìtá, kò sì yẹ ọwọ́ àgbà. Àwọn mìíràn ń wí pé kò burú, ṣùgbọ́n ìgbà ti kọjá, nítorí pé kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni àwa náà ti sọ fún ara wa rí, nítorí náà ó yẹ kí a dáhùn wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Òtítọ́ ni pé gìtá kì í ṣe ohun tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́. Antonio de Torres, oníṣẹ́ igi ará Spéìn, tí a bí ní 1817 tí ó sì kú ní 1892, ni ó fún gìtá onígi ní ìrísí àti ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ṣì ń tẹ̀ lé títí di òní. Ní etí òkun ìhà tiwa, àwọn atukọ̀ Kru ará Làìbéríà ni ó ṣe púpọ̀ láti tan ọ̀nà tí a fi ń ta á pẹ̀lú àtàǹpàkò àti ìka tí ó tẹ̀ lé e nìkan, láti èbúté kan dé èkejì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn ènìyàn wa fi àjèjì yìí ṣe. Túndé King, ọmọ Èkó, gba orin jùjú sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Parlophone ní 1936. Àyìndé Bákàrè tẹ̀ lé e lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ HMV ní 1937. Ní nǹkan bí 1948 Àkànbí Wright mú gángan wọ inú orin jùjú, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí Bákàrè so gìtá mọ́ ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn sókè, kí ìlù má baà bò ó mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni gìtá àti gángan ti jọ ń fọhùn nínú agbo kan náà, títí ó fi di ọwọ́ Ebenezer Obey àti Sunny Ade. Àlejò tí ó ti gbọ́ èdè ilé, tí ó sì ti bá onílé jẹun láti ìran dé ìran, ó ti kúrò ní àlejò.

Ní ti ọjọ́ orí, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí a rí, kí a má fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ara wa jẹ. Andrés Segovia ará Spéìn, tí ó kú ní 1987, ṣì ń ta gìtá níwájú àwùjọ nígbà tí ó ti lé ní 90 ọdún. Fatai Rolling Dollar tiwa, tí a bí ní 1927 tí ó sì kú ní 2013, ṣì ń gbé gìtá kọ́rùn nígbà tí ó ti kọjá 80 ọdún. Àwọn wọ̀nyí kò bẹ̀rẹ̀ ní àgbà, ṣùgbọ́n wọ́n fi hàn wá pé ìka kì í ṣíwájú ẹni tí ó ni ín kú. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà èwe ni Gary Marcus, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí ó ń wádìí iṣẹ́ ọpọlọ. Ó ti ń súnmọ́ 40 ọdún kí ó tó gbájú mọ́ gìtá, ó sì kọ ìwé kan nípa rẹ̀ ní 2012, nínú èyí tí ó fi yé wa pé ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ kì í tì pa mọ́ àgbàlagbà gbọnin-gbọnin bí a ti ń rò.

Ṣùgbọ́n kò rọrùn o. Okùn mẹ́fà ni gìtá ní. Ọwọ́ òsì ni a fi ń tẹ okùn mọ́ ọrùn rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni a sì fi ń ta á. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, orí ìka òsì wa ń ta wá bí ẹni tí ó fi ìka kan iná. Lẹ́yìn náà ni awọ ibẹ̀ yi, tí ìrora sì lọ. Ìrìn ìka láti ipò kan sí òmíràn ni ó fìyà jẹ wá jù. Ipò mẹ́ta péré, tí a lè fi bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin lọ, gbà wá ní oṣù márùn-ún. Ọ̀dọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wa mọ̀ ọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó ra gìtá olókùn náílọ́ọ̀nù, nítorí ó rọ ọwọ́ ju olókùn irin lọ. Kí ó gé èékánná ọwọ́ òsì rẹ̀. Kí ó sì máa ta á fún ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, nítorí ó sàn ju wákàtí mẹ́ta ní ọjọ́ Àìkú nìkan. Bí oríkèé ìka rẹ̀ bá ń wú, kí ó dáwọ́ dúró, kí ó sì lọ rí oníṣègùn. Kí ó wá olùkọ́ pẹ̀lú. Àwa kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi fóònù kọ́ ọ. Ẹni tí ó wà nínú fóònù ń fi ọwọ́ tirẹ̀ hàn wá dáadáa, ṣùgbọ́n kò rí ọwọ́ tiwa.

Olùkọ́ tí a rí jẹ́ ọmọ ọdún 24, ọmọ káfíńtà kan ní àdúgbò wa. Bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà yóò dọ̀bálẹ̀, bí ó bá sì jókòó tán yóò wí pé, “Bàbá, ẹ ṣì í. Ẹ tún un ta.” Ní ọjọ́ kan ó rí i pé ìka wa kò yá, ó sì ní kí a fi orin sílẹ̀, kí a wá ohùn òwe kan lórí okùn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà, ohùn ni ó yà wọ́n. Láti orí ọmú ìyá ni etí wa sì ti mọ̀ ọ́n. A wá ohùn ìsàlẹ̀, ti àárín àti ti òkè, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gìtá ti ń wí pé, “Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ.” Inú olùkọ́ wa dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dákẹ́ kí òun fi gìtá tirẹ̀ parí òwe náà, kò mọ ìparí rẹ̀. Kò gbọ́ ọ rí. A sọ fún un pé, “Ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.” Ó ní kí a tún un sọ. Lẹ́yìn náà ó bèèrè bóyá a mọ oríkì ìdílé baba òun, nítorí pé ìyá baba òun tí ó mọ̀ ọ́n ti kú kí òun tó gbọ́n. A mọ̀ ọ́n, a sì kì í fún un. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀kọ́ wa ti di alápá méjì: òun ń kọ́ ìka wa, àwa ń kọ́ ahọ́n rẹ̀.

Wàyí o, a dé ibi tí ó nira láti sọ. Ní oṣù kẹjọ, olùkọ́ wa kúnlẹ̀ níwájú wa nínú pálọ̀, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ìka wa sórí okùn, nígbà tí ìjòyè mẹ́ta wọlé láìròtẹ́lẹ̀. Kí a tó mọ ohun tí a ń ṣe, a ti gbé gìtá sẹ́yìn àga. Ọ̀kan nínú wọn rí i, ó sì bèèrè ẹni tí ó ni ín. A dáhùn pé, “Ti ọmọ yìí ni. Iṣẹ́ ni ó wá bẹ̀ wá pé kí a bá òun wá.” Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo ojú wa. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àlejò, ó gbé gìtá náà, nítorí a ti ní òun ni ó ni ín, ó sì jáde. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì àbúrò rẹ̀ gbé gìtá náà padà wá, pẹ̀lú owó ẹ̀kọ́ oṣù náà lódidi. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kí wa.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni a fi wo gìtá náà lára ògiri. Ìka wa ti yi, a ti mọ ipò mẹ́ta, kò sí ohun tí ó kù tí ọjọ́ ogbó lè fi dí wa lọ́wọ́. Ìtìjú nìkan ni ó dí wa. Ní ọjọ́ kejìlá a fi ẹsẹ̀ ara wa lọ sí ilé baba rẹ̀. Àyà baba náà já, ó rò pé ọmọ òun ti ṣẹ̀ wá. A ní àwa ni a ṣẹ̀. Ó ní, “Ẹ má wí bẹ́ẹ̀, Bàbá, ọmọ yín náà ni.” A ní kí ó pè é jáde, a sì sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé irọ́ ni a pa mọ́ ọn. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Bàbá, okùn karùn-ún yẹn kò ì tíì dún dáadáa lọ́wọ́ yín o.” Ó padà wá ní ọjọ́ kejì.

Méjì nínú àwọn ìjòyè mẹ́ta náà wà níhìn-ín lónìí. A tọrọ gáfárà lọ́wọ́ wọn. Tiwa ni gìtá náà.

Ẹ̀yin ará, ojoojúmọ́ ni a ń ráhùn nínú Ẹgbẹ́ yìí pé àwọn ọ̀dọ́ kò mọ òwe mọ́, wọn kò sì mọ oríkì. Ṣùgbọ́n nígbà wo ni a jókòó tì wọ́n rí, bí kò ṣe láti bá wọn wí? Ẹni tí kò lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọmọdé fún wákàtí kan, kí ni yóò fi fa ọmọdé náà mọ́ra tí yóò fi gbọ́ tirẹ̀? Ìmọ̀ràn wa nìyí: kí Ẹgbẹ́ ya ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nínú oṣù kọ̀ọ̀kan nínú gbọ̀ngàn yìí. Kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ gìtá mú un wá. Kí olúkúlùkù àgbà mú òwe mẹ́wàá wá, tàbí oríkì ilé rẹ̀. Bí àgbà kan bá sì fẹ́ gbé gìtá lé itan, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín rẹ̀. Bí wọ́n bá sì rẹ́rìn-ín, kí ó má ṣe gbé e sẹ́yìn àga.

Olùkọ́ wa jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, a óò sì bẹ̀ ẹ́ kí ó bọ́ síwájú. Òwe kan péré ni a óò jọ ta fún yín: àwa ni yóò ta ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òun ni yóò sì parí rẹ̀. Bí okùn karùn-ún bá ṣì ń han létí yín, ẹ ṣe sùúrù fún wa, a ṣì ń kọ́ ọ ni.

Kí Olódùmarè jẹ́ kí a pẹ́ láyé, kí ó sì jẹ́ kí ọwọ́ wa máa ríṣẹ́ ṣe. Àṣẹ.