Ajá Tí Kò Lè Sáré Mọ́

(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Kàdúná)

Nígbà tí Akọ̀wé kéde pé ọ̀rọ̀ ajá ni mo fẹ́ sọ, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kò burú. Àwọn baba wa ní bí ajá bá lẹ́ni lẹ́yìn, a pa ọ̀bọ. Èmi ń béèrè pé ta ni yóò wà lẹ́yìn ajá nígbà tí kò lè lé ọ̀bọ bá mọ́?

Irú ajá kan wà tí òyìnbó ń pè ní greyhound: ẹsẹ̀ gígùn, ikùn fẹ́lẹ́, imú ṣóńṣó. Ojú ni ó fi ń ṣọdẹ. Àwọn Túárẹ́ẹ̀gì, tí a ń pè ní Buzu níhìn-ín, ní èyí tí ó jọ ọ́, Azawakh, tí ń ṣọ́ àgọ́ wọn ní aṣálẹ̀ Niger àti Mali.

Ará Amẹ́ríkà kan, Owen Patrick Smith, fi ẹ̀rọ ṣe ehoro èké kí ajá máa lé e yípo pápá. Ní July 1926 eré náà dé Manchester, tẹ́tẹ́ sì wọ̀ ọ́. Ajá kan láti Ireland, Mick the Miller, gba ife ńlá ní 1929 àti 1930; nígbà tí ó kú ní 1939, wọ́n tọ́jú awọ rẹ̀ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn tí kò gba ife ńkọ́? Bí ajá eré bá tó ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, iṣẹ́ tán, bẹ́ẹ̀ ó lè gbé ayé tó ọdún méjìlá. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n pa. Nǹkan bí 1975 ni ẹgbẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí wá ilé fún wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá gba ọ̀kan tọ́ yóò rí i pé oorun ni ajá náà fẹ́ràn jù, kì í ṣe eré mọ́. Kìkì pé bí ó bá rí ológbò, kí ó tètè di okùn mú!

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní February 2000, nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Kàdúná, a ní ajá pupa kan, Tanímọ̀la. Gbígbó rẹ̀ ni ó jí wa ní òru tí a fi gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ sí bárékè. Nígbà tí a padà dé, ògiri nìkan ni ó kù nínú ilé, ajá sì dùbúlẹ̀ sí ibi tí ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà ojú rẹ̀ fọ́. Ọkùnrin kan tí ń ra ajá kiri gun kẹ̀kẹ́ kọjá. Mo mọ ohun tí ó fẹ́ fi í ṣe. Mo gba owó náà. Ìyá àwọn ọmọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Nítorí náà mo ń bẹ ẹgbẹ́ pé, ẹni tí iṣẹ́ bá gbé lọ sí ìlú mìíràn, tàbí tí ó ń padà sílé, kí ó fi orúkọ ajá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Akọ̀wé, kí ẹlòmíràn nínú wa lè gbà á. Kí ó kọ́kọ́ gba àjẹsára dìgbòlugi fún un. Wọ́n ń ṣe é ní Vom lẹ́bàá Jos.

Ajá méjì ni mo mọ̀ tí ń wá ilé báyìí. Ọ̀kan kò gbọ́ràn dáadáa. Ẹni tí ó bá fẹ́, kí ó rí mi lẹ́yìn ìpàdé.