Òdòdó Tí Kò Ní Í Bá Wa Du Omi

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ẹbí àgbẹ̀ sọ ní Kakuri, Kaduna

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí òdòdó ilé. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á máa wí nínú pé, “Ṣé òdòdó la ó jẹ ni?” Ìbéèrè gidi ni. Omi tí ìyàwó ilé pọn láti inú kànga, tàbí tí ó fi owó rà lọ́wọ́ mẹ́rúwà, kò ṣeé dà sídìí ohun tí a kò ní í jẹ. Nítorí náà, òdòdó tó lè la ẹ̀ẹ̀rùn já fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ojú ọjọ́ ibí kì í ṣe ti ilé. Ní Ìbàdàn, òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta. Níbí, ó di oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó sì ń dáwọ́ dúró ní oṣù kẹwàá. Èmi pàápàá ti ṣìṣe rí. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, mo gé pèrègún wá láti ilé nígbà ọdún Kérésì, mo rì í mọ́ ojúde. Kí oṣù kejì tó parí, ó ti gbẹ bí igi ìdáná. Pèrègún kò jẹ̀bi. Àkókò ni mo ṣì.

Èkíní ni tannáposó, tí àwọn mìíràn ń pè ní tannápowó. Òdòdó rẹ̀ lè pupa, ó lè funfun. Ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń là, nígbà tí a bá ń ti oko bọ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ wú bí iṣu, ibẹ̀ ni ó ń kó oúnjẹ pamọ́ sí. Bí orí rẹ̀ bá gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má hú u dànù. Ẹ fi èèpo ẹ̀pà tàbí koríko gbígbẹ bò ó. Bí òjò bá rọ̀, á tún hù. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò àti èso rẹ̀ ní oró. Èso náà dúdú bí iyeré. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi sẹ́nu.

Èkejì ni àbámodá. Ewé rẹ̀ nípọn, omi ló kún inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ewé ń mí lọ́sàn-án, oòrùn á sì fa omi ara wọn. Òru ni àbámodá ń mí ní tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè rọ. Ẹ fi ewé kan lé ilẹ̀ tútù, ọmọ á yọ létí rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí igbó ti gbẹ, ni òdòdó rẹ̀ ń so rọ̀ bí agogo. Ẹ gbìn ín sínú ọgbà, nítorí ó lè pa màlúù àti àgùntàn tó bá jẹ ẹ́.

Ẹ̀kẹta ni pèrègún. Òun fẹ́ omi díẹ̀, ṣùgbọ́n omi ìwẹ̀ tó o. Ní oṣù kẹfà, ẹ gé e ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan, kí ẹ rì í sí ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀, níbi tí ibòji wà. Bí ó bá dàgbà tó sì tanná, òórùn dídùn rẹ̀ á gba ilé kan lóru.

Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ aṣọ ló gbé ọ̀pọ̀ èèyàn wá sí Kakuri. Kaduna Textiles Limited bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, ó sì ti ilẹ̀kùn ní 2002. Àwọn kan padà sílé, àwọn kan gbájú mọ́ oko. Ilé tí a háyà kò ṣeé gbé lọ, ṣùgbọ́n ewé àbámodá kan àti igi pèrègún kan kò kún àpò. Ẹni tó bá ń lọ, kó mú tirẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá dúró, kó gé fún aládùúgbò, ìbáà ṣe Yorùbá, Haúsá tàbí Gbagyi. A kì í ra irú òdòdó wọ̀nyí. Ọwọ́ ni a fi ń gbà á lọ́wọ́ ara wa.

Ẹ dúró de òjò. Bí ilẹ̀ bá ti rin dáadáa, kí ilé kọ̀ọ̀kan gbin ọ̀kan.