Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé Nípa Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́: Ẹ Má Fi Àṣìṣe Pamọ́

Ẹ ní kí n ṣàlàyé ohun tó ṣe kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ owó oṣooṣù. Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ìwé kẹfà ni mo kà dé, òwò ni mo sì ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ṣojú mi.

Linux ni ètò tó ń darí ẹ̀rọ wa. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991. Inú gbùngbùn rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kernel. Òun ni akọ̀wé àgbà tí ń pín àyè mẹ́mọ́rì fún iṣẹ́ gbogbo. Ó pín àyè náà sí ojú-ewé. Lórí ẹ̀rọ bíi tiwa, ojú-ewé kan sábà máa ń gba bytes 4,096. Ìwé tó fi ń mọ ibi tí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan wà ni page table.

Ẹ fi wé ilé ìkẹ́rùsí mi. Ìwé mi ló ń sọ pé àpò Lágbájá wà ní igun kẹta. Bí eku bá jẹ nọ́ńbà kan nínú ìwé náà, àpò Tẹ̀mẹ̀dù ni n óò gbé fún Lágbájá. Olè kò wọlé, síbẹ̀ ìjà yóò dé.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni iṣẹ́ dédé pa ara rẹ̀ dé lójú mi. Mo pa ẹ̀rọ, mo tún tàn án, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí mo bẹ̀rù kí ẹ má wí pé akọ̀wé ti ba ohun ìní ẹgbẹ́ jẹ́. Nígbà kẹta, owó tí ìyá kan san ti yí padà nínú àkọsílẹ̀. Ìwé rìsíìtì tí ìyá náà fi pamọ́ ló gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú. Àìtètè mólè, olè mólóko.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa ṣí àkọsílẹ̀ kernel, ó sì rí i pé ó kọ ọ́ pé: “BUG: Bad page map in process”. Ó bi mí pé, “Bàbá, kí lẹ ń ṣe nígbà náà? Ọjọ́ wo ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀?” N kò lè dáhùn. Mo fẹ́ kí a kọ̀wé fi ẹjọ́ àwọn tó ń ṣe Linux sùn. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ mẹ́mọ́rì wò.” Ó fi Memtest86+ yẹ̀ ẹ́ wò mọ́jú, àṣìṣe kún ojú ẹ̀rọ. Ó yọ ọ̀kan nínú RAM méjèèjì, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò, àṣìṣe kò sí mọ́. Aláìṣẹ̀ ni à bá fi ẹ̀sùn kàn!

Ṣùgbọ́n bí mẹ́mọ́rì bá dára, ó yẹ kí a ròyìn. Ó ní kí a fi gbogbo ohun tí kernel kọ ránṣẹ́, kí a má ṣe gé e. Kí a sọ irú kernel tó jẹ́, ohun tí à ń ṣe, àti bóyá ó tún ń ṣẹlẹ̀ bí a bá tún un ṣe. Bí ó bá kọ “Tainted”, kí a má fi í pamọ́. Ó lè jẹ́ pé a ti ki nǹkan àjèjì bọ kernel, èyí tí àwọn tó ṣe é kò lè rí inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní 2015, àwọn olùwádìí Google fi hàn pé ẹni ibi lè mọ̀ọ́mọ̀ yí nọ́ńbà inú page table padà, kí ó sì gba àkóso ẹ̀rọ.

Nítorí náà, mo bẹ ìgbìmọ̀ fún nǹkan méjì: kí a fi ìwé kan sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà tí a ó máa kọ gbogbo àṣìṣe sí lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, kí a má sì jáwọ́ nínú rìsíìtì. Ẹni tó bá sì tètè jẹ́wọ́, ẹ má ṣe bú u.

Ọlọ́run yóò dá ẹgbẹ́ wa sí.