Wáìnì Funfun Tó Ń Fara Da Ọjọ́

Ní Hunter Valley lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, àjàrà Semillon ni wọ́n fi ń ṣe wáìnì funfun kan tí kò ní ṣúgà lẹ́nu. Wọ́n tètè ń ká àjàrà náà, ìdí nìyẹn tí wáìnì náà kì í fi í le: agbára ọtí rẹ̀ sábà máa ń wà ní ìdá 10 sí 11 nínú 100.

Bó ṣe ń jáde, ó mọ́ gaara, ó kan, òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń ta. Tó bá lo ọdún 10 nínú ìgò, á pọ́n rúsúrúsú, á máa rùn bíi búrẹ́dì yíyan àti oyin, bẹ́ẹ̀ wọn kì í sábà fi í sínú àgbá onígi.

Ẹ gbé ife síbi ìmọ́lẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ fi díẹ̀ yí ẹnu ká. Tó bá ṣì ń mú kí itọ́ sun lẹ́nu, tí ìtọ́wò rẹ̀ kò tètè kúrò, ó ṣì ṣeé tọ́jú.